Oúnjẹ Àgbélọ: Ìṣirò Owó àti Wákàtí fún Ìdílé Tó ń Ti Ìdímù Lọ Gbafẹ́

Ọ̀rọ̀ orí rédíò

Ọ̀rọ̀ yìí dá lórí oúnjẹ àgbélọ, èyí tí í ṣe oúnjẹ tí ìdílé sè tàbí tí wọ́n tò jọ nílé, tí wọ́n sì gbé dání lọ síbi ìgbafẹ́ kí wọ́n má baà rà á níbẹ̀. Ọgbà ìgbafẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí ni ọgbà olówó ẹnubodè, ìyẹn ibi tí wọ́n mọ odi yí ká, tí wọ́n kó ẹ̀rọ ìyípo, ọkọ̀ ojú irin àwọn ọmọdé, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ àti oríṣiríṣi ohun ìṣeré sí inú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè wọlé láìsan owó. Àwọn kan wà lágbègbè Èkó tí orúkọ wọn gbajúmọ̀, bí Apapa Amusement Park ní Àpápá, Dreamworld Africana lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, àti Hi-Impact Planet lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà nítòsí àdúgbò Ìdímù ní Èkó. Ìdílé tó bá gbéra ní Ìdímù, ìbáà gba Ìkọ̀tún àti Òṣòdì, ìbáà gba Ẹgbẹ́dá àti Ìyànà Ìpájà, lè lo wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú pópó kí ó tó dé ẹnubodè. Àkókò yìí gan-an ló sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ àgbélọ di ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, nítorí pé ohun tó wà nínú kúlà kò dúró nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Owó ló yẹ kí ó ṣáájú. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ni owó ọkọ̀ àti owó ọjà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè kíkankíkan. Àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ìyẹn National Bureau of Statistics, sì ròyìn pé ní oṣù kẹfà ọdún 2024, iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti oṣù kan náà ní ọdún 2023 lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin tó sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ di 70,000 náírà. Bí àwo ìrẹsì kan pẹ̀lú ẹran àti ohun mímu bá wá jẹ́ 5,000 náírà nínú ọgbà ìgbafẹ́, tí èyí sì jẹ́ àpẹẹrẹ lásán tí olúkúlùkù lè fi iye mìíràn rọ́pò, ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún yóò ná 25,000 náírà lórí oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Iye yìí ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì kan owó ẹnubodè, owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, àti owó áísìkiriìmù tí ọmọdé yóò sunkún sí dandan.

Ojúkòkòrò nìkan kọ́ ló ń mú kí oúnjẹ inú ọgbà wọ́n ju ti òde lọ. Ní ọdún 1971, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà kan, Walter Oi, kọ àpilẹ̀kọ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ètò ọrọ̀ ajé ṣì ń kà títí di òní, nínú èyí tó ti fi Disneyland, ọgbà tí wọ́n ṣí ní ìpínlẹ̀ California ní ọdún 1955, ṣàlàyé ohun tí a lè pè ní owó alápá méjì. Owó alápá méjì ni ọ̀nà ìtajà tí oníbàárà fi ń san owó kan kí ó tó wọlé, tí ó sì tún ń san òmíràn lórí ohun kọ̀ọ̀kan tó bá lò lẹ́yìn tó ti wọlé tán. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé apá wo ló yẹ kí olówó ọgbà gbówó lé: bí owó ẹnubodè bá ga jù, àwọn èèyàn yóò padà lẹ́yìn, bí ó bá sì rẹlẹ̀, èrò yóò pọ̀, ọgbà yóò sì lè rí èrè rẹ̀ lára ohun tí wọ́n ń rà nínú. Ẹ̀rọ ìṣeré ni Oi fi ṣe àpẹẹrẹ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà náà bá oúnjẹ mu rẹ́gí, nítorí pé ẹni tó ti sanwó wọlé ti di oníbàárà àhámọ́, èyí tó túmọ̀ sí ẹni tí ebi ń pa, tí kò sì lè sáré jáde lọ sí búkà tó wà ní ìkòríta kí ó tó tún san owó mìíràn wọlé.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, owó ẹnubodè àti owó oúnjẹ jẹ́ owó kan ṣoṣo tí wọ́n là sí méjì, ẹni tó bá sì gbé oúnjẹ ti ilé wá ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìdajì kejì. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ ọgbà kọ ọ́ sára ògiri pé àwọn kò gba oúnjẹ láti ìta, tí wọ́n sì fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀ tí yóò máa tú báàgì wò. Ó tọ́ láti sọ ti àwọn olówó ọgbà náà: epo dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ amúnáwá lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó ń ta oúnjẹ nínú ọgbà a máa san owó àyè fún wọn, àwọn kan nínú wọn sì ń bẹ̀rù pé bí oúnjẹ àgbélọ bá ṣe ọmọ ẹlòmíràn níbi nínú ọgbà wọn, orúkọ wọn ni aráyé yóò máa pè. Ìdí méjì àkọ́kọ́ lágbára ju ìkẹta lọ, nítorí pé kò sí ọgbà tó ń yẹ oúnjẹ tí wọ́n ń tà nínú rẹ̀ wò bí ìyá ṣe ń yẹ ti ọmọ rẹ̀ wò.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni àríyànjiyàn yìí ti ń wáyé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní ìlú Shanghai lórílẹ̀-èdè China gbé ìpápánu tí owó rẹ̀ lé díẹ̀ ní 40 yuan, ìyẹn owó ilẹ̀ wọn, lọ sí Shanghai Disneyland; àwọn ẹ̀ṣọ́ tú báàgì rẹ̀, wọ́n sì ní kò lè gbé ìpápánu náà wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí gbé ọgbà náà lọ sílé ẹjọ́, ó sì ní òfin wọn tako ẹ̀tọ́ oníbàárà. Ọ̀rọ̀ náà di ohun tí gbogbo ilẹ̀ China ń sọ, pàápàá nítorí pé àwọn ọgbà Disney tó wà ní Amẹ́ríkà gba àwọn àlejò wọn láyè láti gbé oúnjẹ wọlé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn méjèèjì parí ìjà: ọgbà san 50 yuan fún un, ó sì yí òfin rẹ̀ padà débi pé àlejò lè gbé oúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ yóò jẹ wọlé, bí kò bá ti jẹ́ èyí tó nílò gbígbé kaná, èyí tó gbọ́dọ̀ wà nínú yìnyín, tàbí èyí tí òórùn rẹ̀ lè lé èèyàn kúrò nítòsí. Ní ti Walt Disney World tó wà ní Florida, ìgò gíláàsì àti yìnyín tí kò sí nínú ìdì ni wọ́n kọ̀, wọn kò kọ oúnjẹ fúnra rẹ̀.

Ìdájọ́ tó wáyé ní India yàtọ̀ sí èyí, ó sì sún mọ́ ohun tí olùgbé Èkó ń bá pàdé. Ní ọjọ́ 3 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ náà sọ pé ilé sinimá jẹ́ ohun ìní aládàáni, nítorí náà ó lè kọ oúnjẹ láti ìta, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ pèsè omi mímu lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì yẹ kí ó dí òbí lọ́wọ́ oúnjẹ tí wọ́n gbé wá fún ọmọ ọwọ́. Ìlà tí ìdájọ́ yìí fà láàárín ohun tí àgbàlagbà lè mú mọ́ra àti ohun tí ọmọ ọwọ́ kò lè ṣe aláìní jẹ́ ohun tó bọ́gbọ́n mu, ó sì yẹ kí àwọn olówó ọgbà níhìn-ín fi ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn kún un, bí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ falẹ̀.

Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2018 tó dá Àjọ Federal Competition and Consumer Protection Commission sílẹ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti mọ iye owó ohun tó fẹ́ rà kí ó tó rà á, àjọ náà sì ni ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lè fẹjọ́ sùn. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kì í bọ́ ọmọ tí ebi ń pa ní ọ̀sán ọjọ́ ọdún, nítorí náà ohun tó lérè jù ni kí ìdílé tẹ ọgbà láago ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú, kí wọ́n sì béèrè ohun mẹ́ta: ṣé wọ́n ń gba oúnjẹ láti ìta, ṣé wọ́n ń gba omi, ṣé ẹni tó bá jáde lè padà wọlé láìtún sanwó. Ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí létí lọ, nítorí pé ọgbà tó bá ń tẹ òǹtẹ̀ sí ọwọ́ àlejò kí ó lè jáde kí ó sì wọlé padà ti fún ìdílé láyè láti jẹun nínú ọkọ̀ tàbí lábẹ́ igi ní ìta, kí wọ́n sì padà sídìí eré wọn. Níbi tí wọ́n bá ti kọ gbogbo rẹ̀, kí ìdílé jẹun yó kí wọ́n tó wọlé ló kù.

Àwọn ibi tí kò sí ìjà báàgì náà wà. Àwọn àgbà tó dàgbà sí Èkó rántí Bar Beach ní Victoria Island, níbi tí àwọn ìdílé ti máa ń tẹ́ ẹní sórí iyanrìn lọ́jọ́ Àjíǹde àti lọ́jọ́ Iléyá, tí wọ́n ń ṣí ìkòkò láàárín èrò láìsí ẹni tó bi wọ́n léèrè. Etíkun yẹn ti wọ inú ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic, àwọn etíkun tó kù ní agbègbè Lẹ́kí sì ti di olówó ẹnubodè fún apá tó pọ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ kan, LASPARK, tó ń bójú tó àwọn ọgbà òdòdó àti ọgbà ìsinmi tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn. Àwọn tó bá fẹ́ gba ọ̀nà tó dojú kọ ìwọ̀-oòrùn lè ti Ìdímù bọ́ sí Ìgandò, kí wọ́n gba ojú ọ̀nà LASU sí Ìyànà Ìbà, kí wọ́n sì máa lọ sí Àgbádárìgì, níbi tí ilé alájà àkọ́kọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ní ọdún 1845 wà, tí ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé èèyàn sọdá sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fù. Lekki Conservation Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, tí afárá orí igi rẹ̀ gùn tó mítà 401, tún dára fún ìgbafẹ́, àmọ́ àwọn ọ̀bọ tó wà nínú igbó ibẹ̀ kì í ṣojú rere sí ẹni tó bá ń mi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ kiri.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, òun sì ni irú oúnjẹ tí wọ́n ń dì. Ohun tó wọ́pọ̀ ní Ìdímù lọ́jọ́ ọdún àti lọ́jọ́ àwọn ọmọdé, tí í ṣe ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, ni pé kí ìyá jí ní aago mẹ́rin ìdájí, kí ó se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù pẹ̀lú adìyẹ díndín, kí ó bù ú sínú kúlà nígbà tí ó ṣì ń rú èéfín, kí ó sì dé e. Bí wọ́n bá kúrò nílé ní aago mẹ́jọ, tí wọ́n dé ọgbà ní aago mọ́kànlá, tí àwọn ọmọ sì kọ̀ láti kúrò nídìí ẹ̀rọ ìyípo títí di aago kan, oúnjẹ náà ti lo nǹkan bíi wákàtí méje kí ó tó kan ẹnu. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà márùn-ún rẹ̀ lórí ìmọ́tótó oúnjẹ, sọ pé oúnjẹ tí iná ti kàn kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí méjì lọ nínú afẹ́fẹ́ lásán, nítorí pé láàárín ìwọ̀n 5 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn ti ń gbèrú. Afẹ́fẹ́ ọ̀sán ní Èkó sábà máa ń wà ní nǹkan bí 30, inú búùtù ọkọ̀ tó wà lójú oòrùn sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ìṣirò kékeré kan yóò fi ìdí tí wákàtí méje fi pọ̀ hàn. Kòkòrò àìfojúrí tí ara rọ̀ lè pín sí méjì ní ogún ìṣẹ́jú sí ogún ìṣẹ́jú, èyí tó jẹ́ ìgbà mẹ́ta láàárín wákàtí kan. Ní wákàtí méje, yóò ti pín nígbà 21, ẹyọ kan ṣoṣo yóò sì ti di èyí tó lé ní mílíọ̀nù méjì, bí oúnjẹ bá ti tó o jẹ. Kò sí ẹni tó lè fojú rí i, òórùn rẹ̀ sì lè má tíì yí padà, èyí ló mú kí àṣà fífi imú gbóòórùn oúnjẹ kí wọ́n tó jẹ ẹ́ má ṣe é gbára lé pátápátá.

Ìrẹsì ní ewu tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus máa ń bá ìrẹsì wá láti oko, ó sì ní kóró, ìyẹn ìrísí tó máa ń sá sí nígbà ìnira, tí èèpo rẹ̀ le débi pé omi híhó kì í pa á. Nígbà tí ìrẹsì bá ń tutù díẹ̀díẹ̀ nínú kúlà, kóró yìí yóò la ojú, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, yóò sì tú oró kan jáde tó ń fa èébì, oró náà kì í sì í bàjẹ́ bí wọ́n bá tún ìrẹsì gbé kaná. Kòkòrò kejì, Staphylococcus aureus, kò ti oko wá rárá: inú imú àti orí awọ ara èèyàn ni ó ń gbé, ọwọ́ ẹni tó bá ń to adìyẹ tàbí tó ń gé búrẹ́dì ló sì ń gbé e sí oúnjẹ. Oró tirẹ̀ pẹ̀lú kì í bẹ̀rù iná, àìsàn rẹ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà, èyí tó túmọ̀ sí pé ọmọ tó jẹun ní ọ̀sán lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì nínú ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ní Òṣòdì. Owó tí ìdílé rò pé àwọn fi pamọ́ yóò wá di ti ilé ìwòsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò ní ọdún 2015 pé 600 mílíọ̀nù èèyàn ni oúnjẹ tó ní àbàwọ́n ń sọ di aláìsàn lọ́dọọdún, pé 420,000 ń kú, àti pé 125,000 nínú àwọn tó ń kú jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Kúlà lásán kò lè gba oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó fa ọwọ́ aago sẹ́yìn díẹ̀: kì í mú ohun tutù, kì í mú ohun gbóná, ohun tí wọ́n bá gbé sí i ni ó ń tọ́jú fún ìgbà díẹ̀. Fúláásíkì ló sàn fún ohun gbígbóná. James Dewar, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Scotland, ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1892, nígbà tó fi ògiri méjì ṣe ìgò kan, tó sì fa gbogbo afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde, kí ooru má lè rí ohun tí yóò gbà kọjá. Fúláásíkì ẹlẹ́nu gbòòrò tí wọ́n ti fi omi híhó ṣàn, tí wọ́n sì bu oúnjẹ tó ń hó sí kún dé ẹnu, lè mú oúnjẹ náà kọjá ìwọ̀n 60 fún wákàtí díẹ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n bá ń ṣí wò lójú ọ̀nà ti pàdánù agbára rẹ̀.

Ní ti ohun tútù, ọ̀nà tó rọrùn jù ní Ìdímù wà nínú píọ́ wọ́tà. Tí wọ́n bá ti omi inú ọ̀rá bọ inú fìríìsà láti alẹ́ àná títí ó fi dì gbagidi, ọ̀rá mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà yóò di yìnyín kílò méjì, àǹfààní ibẹ̀ sì ni pé kílò yìnyín kan, kí ó tó yọ́ tán, ń fa ooru tó pọ̀ tó èyí tó lè gbé kílò omi kan láti ìwọ̀n 0 dé ìwọ̀n 80. Bí wọ́n bá to ọ̀rá náà sí ìsàlẹ̀ àti sí ẹ̀gbẹ́ kúlà, tí wọ́n sì fi ohun tó yẹ kí ó tutù sí àárín, yìnyín yóò máa yọ́ láàárọ̀, omi tútù tó sì yọ́ náà ni àwọn ọmọ yóò mu lọ́sàn-án, wọn kò sì ní ra omi inú ọgbà. Níbi tí iná mànàmáná kò bá dúró déédéé, ó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

Síbẹ̀, ìdáhùn tó ti pẹ́ jù sí ìṣòro yìí wà nínú oúnjẹ tí àwọn Yorùbá ti ń gbé rìn kí kúlà tó dé. Àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn alájàpá tó ń rìn láti ìlú dé ìlú kò gbé ohun olómi tó gbóná dání, nítorí pé ìrírí ti kọ́ wọn ní ohun tí sáyẹ́ǹsì ń sọ lónìí, pé ohun méjì ni kòkòrò àìfojúrí kò fẹ́: ọ̀kan ni gbígbẹ, èkejì ni kíkan. Gàrí ní méjèèjì. Wọ́n fá ẹ̀gẹ́, wọ́n dì í sínú àpò kí ó lè kan fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n fún omi rẹ̀ kúrò, wọ́n sì yan án lórí iná títí ó fi gbẹ. Ìlànà Codex, tó jẹ́ àkójọ òfin oúnjẹ àgbáyé, sì ní omi tó kù nínú gàrí kò gbọdọ̀ ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kò sí kòkòrò tó lè gbèrú nínú irú gbígbẹ bẹ́ẹ̀. Gàrí pẹ̀lú ẹ̀pà àti ṣúgà nínú ike tó ní ìdérí, tí wọ́n sì fi omi tútù inú ọ̀rá pò ó níbẹ̀, kò ní wákàtí tó ń lé e kiri.

Ẹ̀kọ gba ọ̀nà kíkan. Ògì tí wọ́n rẹ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ti di ibùgbé àwọn kòkòrò rere kan tó ń sọ ọ́ di kíkan, púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò búburú kò sì lè fi bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ níbẹ̀. Tí wọ́n bá wá rò ó lórí iná, tí wọ́n pọ́n ọn sínú ewé eéran nígbà tó ṣì ń hó, ooru rẹ̀ a máa fọ ewé náà, ewé a sì dá ọwọ́ èèyàn dúró títí di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́. Àkàrà tí wọ́n dín gbẹ, irú èyí tí àwọn ará Òṣú ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi ń dá àwọn awakọ̀ dúró, pẹ́ ju àkàrà rírọ̀ ti òwúrọ̀ lọ fíìfíì. Dòdò Ìkirè, tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n jù àti ata ṣe, tí wọ́n sì dín nínú epo títí ó fi dúdú, ni oúnjẹ ọ̀nà gan-an. Àádùn, kókóró, ìpékeré àti gúgúrú pẹ̀lú ẹ̀pà wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, gbogbo wọn ló sì wà ní ọjà Ìkọ̀tún ní iye tó rẹlẹ̀ jìnnà sí ti ọgbà ìgbafẹ́.

Mọ́ínmọ́ín ni ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún. Ọ̀pọ̀ ìdílé kà á sí oúnjẹ àgbélọ pàtàkì nítorí pé ó dúró dáadáa nínú ewé, ṣùgbọ́n omi pọ̀ nínú rẹ̀, kò kan rárá, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ oúnjẹ àdídùn fún kòkòrò àìfojúrí. Ẹni tí kò bá lè ṣe kí ó má gbé mọ́ínmọ́ín dání gbọ́dọ̀ se é lálẹ́ àná, kí ó jẹ́ kí ó tutù kíákíá, kí ó tì í bọ fìríìjì, kí ó sì gbé e lọ láàárín yìnyín. Ẹyin bíbọ̀ tí èèpo rẹ̀ kò sán wà lábẹ́ òfin kan náà. Sàláàdì tí wọ́n ti po ìpara rẹ̀ pọ̀ láti ilé kò yẹ kí ó bá ẹnikẹ́ni jáde ní Ìdímù. Èso ni ó rọrùn jù, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọsàn, nítorí pé èèpo wọn ni ìdérí wọn, kí wọ́n sáà má ṣe bó o tàbí gé e kí àkókò jíjẹ rẹ̀ tó tó.

Ó kù díẹ̀ káàtó bí ọ̀rọ̀ owó bá parí láìmẹ́nu kan ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, obìnrin ni oúnjẹ àgbélọ ń jí ní ìdájí, òun ló ń tò ó, òun ló ń gbé kúlà, òun náà ló sì ń fọ̀ ọ́ ní alẹ́ nígbà tí àwọn tó kù bá ti sùn. Bí wọ́n bá ní ìdílé ti fi 20,000 náírà pamọ́, ó yẹ kí wọ́n béèrè ẹni tó fi oorun rẹ̀ san án. Èyí pẹ̀lú gbè sẹ́yìn oúnjẹ gbígbẹ àti oúnjẹ kíkan, nítorí pé wọ́n ṣe é rà lọ́jà lọ́jọ́ tó ṣáájú, àwọn ọmọ lè bá ìyá wọn dì í, ọkọ sì lè gbé e láìbéèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní ti àwọn tó ń tijú pé gbígbé oúnjẹ dání ń fi ìṣẹ́ hàn, ó yani lẹ́nu pé àwọn kan náà kì í tijú láti gbé ọ̀rá oúnjẹ bọ̀ láti òde ìgbéyàwó.

Ohun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ náà ti ní òfin tirẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, láti ẹnu kọmíṣọ́nnà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àyíká, Tokunbo Wahab, fòfin de àwọn abọ́ funfun fífúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní styrofoam, ó sì fi àwọn oríṣi ike àlòsọnù mìíràn kún un láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2025. Abọ́ oníke líle tó ní ìdérí, èyí tí wọ́n lè fọ̀ kí wọ́n sì tún lò, ló yẹ kí ó rọ́pò wọn, ewé sì wà níbẹ̀ fún ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Kí wọ́n mú ọ̀rá ńlá kan dání fún ìdọ̀tí, nítorí pé àwọn apẹ̀rẹ̀ ìdalẹ̀nù máa ń kún lọ́jọ́ ọdún kí ọ̀sán tó pọ́n.

Nígbà tí wọ́n bá padà dé Ìdímù ní alẹ́, ohun tó bá ṣẹ́ kù kò gbọdọ̀ di oúnjẹ alẹ́ láìsí àyẹ̀wò. Gàrí, ẹ̀pà, ìpékeré àti èso tí wọn kò bó lè padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mọ́ínmọ́ín, ẹyin àti ẹran tí yìnyín ti yọ́ kúrò lára wọn, àti ìrẹsì tó ti ń lọ tó ń bọ̀ láti ìdájí, yóò kọjá sí orí ààtàn, kódà bí imú bá sọ pé kò ṣe nǹkan kan.